Ìdí tí SSD tí mo rà ní Ìkàrẹ́ kò fi wọ inú laptop mi: ìtàn kékeré kan

1/
Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jókòó. Lọ́dún tó kọjá, mo fi owó tí mo fi oṣù mẹ́ta kó jọ ra SSD kan ní Ìkàrẹ́. Mo gun ọ̀kadà padà sí Àkùngbá, mo tú ìdí laptop mi, SSD kò wọlé. Kò bàjẹ́ o. Kì í sì í ṣe ayédèrú. Kò kàn wọlé ni.

Inú bí mi débi pé omi lé sí mi lójú. Ohun tí mo rí nígbà tí mo wá ìdí rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún yín. Ìtàn bí àádọ́rin ọdún ni, ó sì kan owó àpò yín.

2/
Kí ló dé tí mo fi ń wá SSD lójú méjèèjì? Torí ìyá àgbà mi ni.

Ọ̀kà ni wọ́n gbé títí wọ́n fi lọ. Tí a bá ti gba ìsinmi, màá gòkè lọ bá wọn, màá gbé fóònù síwájú wọn, wọ́n á máa sọ̀rọ̀: bí wọ́n ṣe ń ru iṣu láti Ọ̀kà lọ sí ọjà Ìkàrẹ́ lẹ́sẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń sọ ẹrù kalẹ̀ sinmi, oríkì ilé wa, àwọn tó jẹ wọ́n ní gbèsè tí wọn ò san. Ohùn mọ́kànlá ni mo gbà sílẹ̀, Ọ̀kà pọ́nbélé. Fóònù yẹn bọ́ sómi. Inú laptop nìkan ni ohùn wọn kù sí.

3/
Laptop náà, tòkunbọ̀ ni, ọdún 2014 ni wọ́n ṣe é. Hard disk ló wà nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké: ká, ká, ká. Ẹni tó bá ti gbọ́ igbe yẹn rí kò ní gbàgbé.

Bọ̀dá kan wà ní Ìkàrẹ́ tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Mo gbé e lọ bá wọn. Wọ́n fi etí sí i, wọ́n ní: “Àbúrò, hard disk rẹ ń dágbére. Má tàn án mọ́ títí o fi máa rí ibi tó o máa kó ẹrù rẹ̀ sí. Lọ ra SSD.”

Ohun tí mi ò bi wọ́n ni: irú SSD wo?

4/
Mo yà sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn. Ẹni tó ń tà á kó mẹ́ta jáde sórí tábìlì. Ọ̀kan dà bí páálí pẹlẹbẹ, ó tó àtẹ́lẹwọ́. Ìkejì kéré bí ìdajì káàdì ATM. Ìkẹta gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń jẹ lẹ́nu.

“Àbúrò, èyí tó gùn yìí ló yára jù. NVMe ni.”
“Ọ̀gá, ṣé ó máa wọ laptop mi?”
“SSD ni gbogbo wọn ń jẹ́ náà.”

Mo sanwó. Nígbà tí mo dá a padà lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní ọjà tí a bá ti tú kì í padà mọ́. Ó parí.

5/
Mo jókòó sínú yàrá mi, mo ń wo ohun tó gùn bí gọ́ọ̀mù yẹn, mo ń bi ara mi pé: ta ló jókòó tó ṣe mẹ́ta tí wọn ò bá ara wọn mu, tó wá sọ gbogbo wọn ní orúkọ kan ṣoṣo? Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kà nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká lọ.

6/
Ọdún 1956. Ilé iṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà gbé ẹ̀rọ kan jáde tí wọ́n ń pè ní RAMAC. Inú rẹ̀ ni hard disk àkọ́kọ́ tí wọ́n tà lágbàáyé wà. Àwo àádọ́ta ló wà lórí ara wọn, àwo kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà méjì, gbogbo rẹ̀ wúwo ju tọ́ọ̀nù kan lọ. Ohun tó lè gbà? Lẹ́tà bíi mílíọ̀nù márùn-ún.

Àwòrán kan ṣoṣo tí ẹ yà lónìí lè má wọ inú rẹ̀.

7/
Láti ìgbà yẹn ni hard disk ti ń kéré sí i, àmọ́ ìwà rẹ̀ kò yí padà. Àwo kan ń yí, apá kan ń rìn lókè rẹ̀, ó ń kọ̀wé, ó ń kàwé. Nínú laptop, àwo yẹn sábà máa ń yí ní ìgbà 5,400 láàárín ìṣẹ́jú kan. Àlàfo tó wà láàárín apá yẹn àti àwo kéré débi pé irun orí kan ṣoṣo nípọn jù ú lọ ní ìlọ́po ẹgbẹẹgbẹ̀rún.

Wàyí o, ẹ rántí ọ̀nà tó sọ̀ kalẹ̀ láti Ọ̀kà wá sí Àkùngbá. Ẹ rántí ọ̀kadà. Ẹ rántí kòtò. Ẹ wá rántí pé mi ò pa laptop mi kí n tó sọ ọ́ sínú báàgì, mo kàn pa á dé ni, àwo yẹn sì lè ṣì máa yí. Èmi fúnra mi ni mo pa á, ká má purọ́.

8/
Ní Japan, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Fujio Masuoka, ó ń ṣiṣẹ́ ní Toshiba. Ohun tó ń wá ni mẹ́mọ̀rì tí kò ní àwo, tí kò ní apá, tí kò sì ní gbàgbé nǹkan tí iná bá lọ. Ní 1984, ó gbé iṣẹ́ rẹ̀ kalẹ̀ níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní San Francisco. Nígbà tó di 1987, ó gbé irú kejì jáde, èyí tí a mọ̀ sí NAND. NAND yẹn ló wà nínú fóònù tí ẹ fi ń ka ọ̀rọ̀ yìí.

Wọ́n pè é ní flash torí pé ó máa ń pa odidi abala kan rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ló ní ó jọ bí iná kámẹ́rà ṣe ń bù yẹ̀rì.

9/
Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́? Ẹ fojú inú wo àìmọye yàrá kéékèèké tí kò ní ilẹ̀kùn. A máa ń fi agbára ti iná mànàmáná bíńtín wọ inú yàrá, á há síbẹ̀. Bó bá wà níbẹ̀, ó ní ìtumọ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, ó ní ìtumọ̀ mìíràn. Kódà tí wọ́n bá mú iná lọ, ohun tó há kò ní jáde bọ̀rọ̀.

Kò sí ohun tó ń yí. Kò sí ohun tó ń rìn. Ọ̀kadà lè gbọ̀n ọ́n bó ṣe wù ú.

Àmọ́ àléébù kan wà: gbogbo ìgbà tí a bá pa nǹkan rẹ́ nínú yàrá yẹn, ògiri rẹ̀ ń jẹ díẹ̀díẹ̀. SSD náà ń gbó.

10/
Ọdún 1991. Ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ SunDisk (àwọn ló padà di SanDisk) kó flash jọ, wọ́n ṣe é ní ìrísí hard disk, wọ́n tà á fún IBM láti fi sínú laptop. Megabyte ogún péré ló gbà, owó rẹ̀ sì tó bíi ẹgbẹ̀rún kan dọ́là. Lónìí, fídíò ijó ìṣẹ́jú kan lè ju gbogbo rẹ̀ lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú gbólóhùn yìí dání: wọ́n ṣe é ní ìrísí hard disk. Ibẹ̀ ni kókó wà.

11/
Kí ló dé tí wọ́n fi wọ aṣọ àgbà fún ọmọ tuntun? Torí ilé tí ọmọ náà máa gbé, àgbà ni wọ́n kọ́ ọ fún. Ọ̀pọ̀ laptop ló ti ní àyè tí wọ́n gé fún hard disk, inṣi méjì ààbọ̀, pẹ̀lú ihò síkúrúù rẹ̀ àti ẹnu wáyà rẹ̀.

Ní 2003, ẹnu wáyà tuntun kan dé, wọ́n ń pè é ní SATA. Kó tó dé, wáyà pẹlẹbẹ kan ni wọ́n ń lò, ó fẹ̀ bí ọ̀já, ó ní ihò ogójì. SATA sọ ọ́ di tẹ́ẹ́rẹ́: ẹsẹ̀ méje fún ọ̀rọ̀, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún iná. Hard disk lò ó. Nígbà tí SSD bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ nílẹ̀, òun náà lò ó.

12/
Ìpinnu yẹn ló gba àwa tálákà là, mo fẹ́ kó yé yín dáadáa. Torí pé SSD gbà láti wọ aṣọ hard disk, laptop tí wọ́n ṣe ní 2008, tí gbogbo ayé ti patì, lè gba SSD inṣi méjì ààbọ̀ tí wọ́n ṣe lónìí. Ẹ kàn tú síkúrúù, ẹ yọ ti àkọ́kọ́, ẹ fi tuntun sí i. Kò yí èdè padà, kò yí ìrísí padà.

Òkúta àkọ́kọ́ nínú mẹ́ta tó wà lórí tábìlì yẹn nìyẹn: èyí tó dà bí páálí pẹlẹbẹ. Èyí tí mo fojú kéré.

13/
Ṣùgbọ́n aṣọ àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọmọ náà. Nígbà tó di 2009, SATA ẹlẹ́ẹ̀kẹta jáde, òun ló sì yára jù nínú wọn: tí a bá yọ gbogbo èlé kúrò, bíi megabyte 550 ni SSD lè gbà kọjá níbẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Flash lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Èdè tí SATA ń sọ náà jẹ́ ìṣòro. AHCI ni wọ́n ń pè é, 2004 ló jáde, hard disk ni wọ́n ṣe é fún. Ìlà kan ṣoṣo ló ní, iṣẹ́ 32 péré ló sì lè tò sórí ìlà náà.

14/
Ẹ fojú inú wo gáréèjì kan tí ènìyàn kún bámú lọ́jọ́ ọjà. Ìlà kan, mọ́tò kan, ẹni 32. Tí mọ́tò bá ń falẹ̀, ìlà kan tó, kí lẹ fẹ́ fi méjì ṣe? Bí hard disk ṣe rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní ẹgbẹ̀rún mọ́tò tí gbogbo wọn ń sáré, tí ẹ ṣì ń to èrò sórí ìlà kan, ẹ ń fi ìyà jẹ ara yín ni.

Ní oṣù kẹta ọdún 2011, wọ́n gbé èdè tuntun jáde: NVMe. Ìlà tó lè ní lé ní ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́rin, ìlà kọ̀ọ̀kan sì lè gba iṣẹ́ tó tó iye yẹn. Kò tún gba ọ̀nà SATA mọ́. PCIe ló gbà, ọ̀nà tí káàdì àwòrán ń gbà. Èyí tó wà ní PCIe ìran kẹta ń sáré tó megabyte 3,500 láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Ti ìran kẹrin tó 7,000.

15/
NVMe kọ̀ láti wọ aṣọ àgbà. Ó dá tirẹ̀ rán. Ohun tó yára, ó gbà á. Àwọn tí ilé wọn ti pẹ́, ó fi wọ́n sẹ́yìn. Mi ò bá wọn jà. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ìpinnu ni, àwọn kan jókòó ṣe é, kò ṣàdédé rí bẹ́ẹ̀.

16/
Ibi tí gbogbo wa ti ń ṣìnà rèé. M.2 àti NVMe kì í ṣe nǹkan kan náà.

M.2 ni ìrísí. NVMe ni èdè. Ohun tó gùn bí gọ́ọ̀mù yẹn lè máa sọ NVMe, ó sì lè máa sọ SATA. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò lè wọ aṣọ ẹbí kan náà, kí ọ̀kan máa sọ Ọ̀kà, kí èkejì má gbọ́ ju Gẹ̀ẹ́sì lọ.

Èyí tó kéré bí ìdajì káàdì ATM lórí tábìlì yẹn, mSATA ni. 2009 ló jáde, M.2 ló gba ipò rẹ̀. Tí laptop yín bá ti mSATA ni, M.2 kò ní wọ ibẹ̀.

17/
Nọ́ńbà tó wà lára M.2 pàápàá ní ìtumọ̀. 2280: ó fẹ̀ ní mìlímítà 22, ó gùn ní 80. 2242: ó gùn ní 42. Ti laptop mi, 2242 ni. Èyí tí mo rà, 2280 ni. Ó ti gùn jù kó tó dé ẹnu.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ẹnu rẹ̀. Wọ́n gé àlàfo sí i. Bí àlàfo bá wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, M ni wọ́n ń pè é. Bó bá wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, B ni. Ti laptop mi, B. Èyí tí mo rà, M. Wọ́n dìídì gé e bẹ́ẹ̀ kí ènìyàn má bàa fi tipátipá tì í wọlé. Ká ní mo fi agbára tì í, mi ò bá ba méjèèjì jẹ́.

18/
Ẹ má rò pé àlàfo nìkan tó o. SSD kan lè ní àlàfo méjèèjì. SSD kan lè wọlé wẹ́rẹ́, kí ẹ de síkúrúù rẹ̀, kí ẹ tan laptop, kó sì ṣe bí ẹni pé kò sí ohun kankan níbẹ̀, torí pé SATA ni SSD yẹn ń sọ, ihò yẹn kò sì gbọ́ ju NVMe lọ.

Òmíràn wà tí laptop àtijọ́ máa rí NVMe lẹ́yìn tí Windows bá ti dìde tán, ṣùgbọ́n tí kò ní lè ti ara rẹ̀ dìde. BIOS rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Windows 7 fúnra rẹ̀ kò gbọ́ NVMe nígbà tó jáde.

Àmọ́ nǹkan kan wà tí kì í ṣe ìyọnu: NVMe ìran kẹrin máa ṣiṣẹ́ nínú ihò ìran kẹta. Á kàn rọra sáré ni. Mọ́tò tuntun lójú ọ̀nà àtijọ́.

19/
Wàyí o, kí ló fà á tí wàhálà yìí fi pọ̀ lọ́dọ̀ tiwa báyìí?

Ní 1999, wọ́n gbé yunifásítì ìpínlẹ̀ Oǹdó kúrò ní Adó-Èkìtì wá sí Àkùngbá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi orúkọ Adékúnlé Ajásin pè é, gómìnà Oǹdó láti 1979 sí 1983. Akẹ́kọ̀ọ́ kún àárín Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà. Akẹ́kọ̀ọ́ nílò laptop. Owó tuntun kò sí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wa, tòkunbọ̀ là ń rà. Tòkunbọ̀ ń ti Yúróòpù àti Amẹ́ríkà wọ Èkó, ó ń gba Computer Village ní Ìkẹjà kọjá, ó ń gun òkè dé ọ̀dọ̀ wa.

20/
Ní ìlú tí wọ́n ti ń ra tuntun, ọdún kan ń lọ, òmíràn ń dé. Lọ́dọ̀ tiwa, gbogbo ọdún ló wà níbí lẹ́ẹ̀kan náà. 2003 wà lórí tábìlì yẹn, 2009 wà níbẹ̀, 2011 wà níbẹ̀, wọ́n jókòó ti ara wọn, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, owó wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ara wọn.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ìtàn ni ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó wà ní Ìkàrẹ́ nílò láti mọ ìtàn SSD ju ẹni tó wà ní California lọ. Tiwọn, ohun tó bá wà lórí àtẹ ló bá ohun tó wà lọ́wọ́ wọn mu. Tiwa, àfi ká béèrè ọdún.

21/
Ẹ jẹ́ kí n parí ìtàn tèmi. Mo padà lọ bá bọ̀dá tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní ẹ gbà mí. Wọ́n wo NVMe ọwọ́ mi, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọn ò bú mi. Wọ́n wá SATA inṣi méjì ààbọ̀ fún mi, wọ́n ní kí n máa san án díẹ̀díẹ̀.

Wọ́n yọ hard disk tó ń kú lọ, wọ́n so ó mọ́ kọ̀ǹpútà wọn, wọ́n lo ddrescue. Iṣẹ́ ddrescue ni pé ó máa kọ́kọ́ sáré kó gbogbo ibi tó ṣì dára, kó tó padà wá máa bá ibi tó ti bàjẹ́ jà. Bí ẹni tó ń kó ẹrù nínú ilé tó ń jó: ohun tó bá wà lẹ́nu ọ̀nà ni ẹ máa kọ́kọ́ gbé.

Ó ṣe é láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

22/
Nínú ohùn mọ́kànlá, mẹ́sàn-án jáde. Oríkì ilé wa jáde. Àwọn ajẹgbèsè jáde, gbogbo wọn pátá.

Èyí tí ìyá àgbà ti ka ibi tí wọ́n ti ń sọ ẹrù kalẹ̀ láàárín Ọ̀kà àti Ìkàrẹ́ kò jáde. Mo rántí méjì nínú orúkọ náà. Mo bi màmá mi, wọ́n rántí ọ̀kan, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú méjì tèmi.

23/
Laptop náà wá ń sáré bí ìgbà tí wọ́n fún un ní ẹ̀mí tuntun. Tẹ́lẹ̀, mo lè ro ẹ̀bà kó tó tán. Ẹ gbọ́ òtítọ́ kan tí ẹni tó ń tajà kò ní sọ fún yín: tí ẹ bá ti orí hard disk bọ́ sórí SATA SSD, ìyàtọ̀ náà ga. Láti orí SATA lọ sórí NVMe, tó bá jẹ́ ìwé project àti Chrome lẹ ń lò, ẹ lè má fura. Iṣẹ́ fídíò àti fáìlì ńláńlá ni NVMe ti ń fi ara rẹ̀ hàn.

24/
Kí ẹ tó sanwó, ẹ ṣe nǹkan márùn-ún yìí:

• Ẹ wo nọ́ńbà laptop yín nídìí, ẹ wá ìwé ìtọ́nisọ́nà rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.
• Ẹ béèrè ìrísí: inṣi méjì ààbọ̀, mSATA, tàbí M.2? Tó bá jẹ́ M.2, 2242 tàbí 2280?
• Ẹ béèrè èdè: SATA tàbí NVMe? Ṣé BIOS lè ti ara rẹ̀ dìde?
• Ẹ gbé laptop dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ ní kí wọ́n tú u níwájú yín.
• Tó bá wọlé, ẹ fi CrystalDiskInfo wo bó ṣe gbó tó, kí ẹ fi H2testw kún un látòkè délẹ̀. Ayédèrú tó ń pa irọ́ nípa ìwọ̀n rẹ̀ máa tú níbẹ̀.

25/
Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Hard disk máa ń ké kó tó kú. SSD kì í sábà ké. Ó lè ṣiṣẹ́ lálẹ́ àná, kó má dìde láàárọ̀ òní. Ohun tí ẹ bá sì fọwọ́ pa rẹ́ nínú rẹ̀, nǹkan kan wà tó ń jẹ́ TRIM tó ń gbá ibẹ̀ mọ́. Ddrescue kò ní rí nǹkan kankan kó.

Nítorí náà, mo ra ilé USB fún NVMe tí kò wọlé yẹn. Òun ló wá ń tọ́jú ẹ̀dà ohùn ìyá àgbà báyìí. Ẹ̀dà kan wà nínú laptop, ọ̀kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan wà lọ́wọ́ màmá mi ní Ọ̀kà.

Tí ìyá àgbà yín bá ṣì wà, ẹ lọ gba ohùn wọn sílẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀ yìí. Kí ẹ tó sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ ṣe é ní ẹ̀dà méjì.

Tí ẹ bá sì mọ orúkọ ibi tí àwọn ìyá wa ti ń sọ ẹrù kalẹ̀ láàárín Ọ̀kà àti Ìkàrẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Mo ń kó wọn jọ.